Bí Ọmọ Ilé-Ìwé Girama Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Ṣètò Ọjọ́ Rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilé-ìwé girama tí a ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní géètì tí wọ́n ń tì mọ́ apẹ́lẹ́yìn, kò sì sí agogo tí yóò dún láti sọ fún ọmọ pé àkókò Ìṣirò ti parí, Bàọ́lọ́jì ló kàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó já fáfá nígbà tí wọ́n ń jókòó pọ̀ nínú kíláàsì fi máa ń rẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ọpọlọ wọn kò dín kù. Ètò tí ilé-ìwé ń bá wọn ṣe tẹ́lẹ̀ ni kò sí mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa ṣe é fúnra wọn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọmọ tó wà ní SS1 sí SS3 tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí agbègbè rẹ̀, àti fún òbí tàbí alágbàtọ́ tó dúró tì í. Mo tẹ̀lé bí ọjọ́ ṣe ń lọ, bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kí a tó lọ jìnnà. Wákàtí tí olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ sábà máa ń kéré sí wákàtí tí ìwọ nìkan yóò fi ka ìwé, tí wàá fi wo fídíò, tí wàá fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wàá sì fi í ránṣẹ́ padà. Àwọn wákàtí tí kò sí olùkọ́ níbẹ̀ yìí ló ń ya ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó kàn ń wọlé tó ń jáde lórí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ohun méjì tó yẹ kí o yanjú kí sáà tó bẹ̀rẹ̀

Èkíní ni ìdánwò. Béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé rẹ irú ìdánwò àṣekágbá tí wọ́n ń múra rẹ sílẹ̀ fún, bóyá àwọn ni yóò forúkọ rẹ sílẹ̀ tàbí ìwọ fúnra rẹ, kí ìdáhùn wọn sì wà ní àkọsílẹ̀. Ilé-ìwé tí àjọ WAEC fọwọ́ sí nìkan ló lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní àṣẹ yẹn lè ṣe ti aládàáni, ìyẹn ẹni tó forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kàn ọ́ gan-an bí o bá ń ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé ọmọ ilé-ìwé máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò nínú lábù lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí aládàáni máa ń dáhùn ìbéèrè lórí ìwé nípa àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣàpèjúwe fún un. Bí ẹ̀kọ́ rẹ bá jẹ́ ti ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò Cambridge ń béèrè pé kí o lọ sí ibùdó tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ibùdó náà bá wà ní Ìbàdàn, kí òbí rẹ tètè fi ìrìn tó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sínú ètò, pẹ̀lú ibi tí o máa sùn.

Èkejì ni aago. Aago Nàìjíríà kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà máa ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí àwọn olùkọ́ rẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, aago wa àti tiwọn máa ń bára mu láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, tiwa yóò fi wákàtí kan ṣáájú, kíláàsì aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn yóò sì di aago mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá wà ní New York, aago wa máa ń fi wákàtí márùn-ún ṣáájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì máa ń di mẹ́fà nígbà òtútù. Èyí túmọ̀ sí pé kíláàsì àárọ̀ wọn yóò bọ́ sí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ yóò sì ní láti fi àárọ̀ dá kàwé kí o tó pàdé olùkọ́ lọ́sàn-án. Kọ ọjọ́ tí aago wọn yóò yí padà sára kàlẹ́ńdà ara ògiri. Nínú gbogbo ohun tó kù, mo gbà pé olùkọ́ rẹ wà ní Nàìjíríà, àti pé kíláàsì rẹ ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Iná ni kí o kọ́kọ́ rò. Ilé-iṣẹ́ IBEDC tó ń pín iná mànàmáná fún wa pín àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ìsọ̀rí láti A dé E. Ìsọ̀rí A ló yẹ kí ó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, ìsọ̀rí E sì ni ó yẹ kí ó rí wákàtí 4. Mọ ìsọ̀rí tí àdúgbò rẹ wà, ṣùgbọ́n má gbára lé e nìkan. Fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ àkókò tí iná ń dé àti àkókò tí ó ń lọ, yóò sì hàn sí ọ bí ti àdúgbò yín ṣe rí ní ti gidi. Bí iná bá dé lálẹ́, kí láàpútọ́ọ̀pù, fóònù àti páwà báǹkì bọ́ sẹ́nu ṣájà kí ẹnikẹ́ni tó tan tẹlifíṣọ̀n. Páwà báǹkì tó jẹ́ 20,000 mAh (mAh ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó) lè fi iná kún fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí pé díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ máa ń ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ páwà báǹkì kò lè gbé láàpútọ́ọ̀pù. Nítorí náà fóònù ni igbákejì rẹ, gbogbo áàpù tí ilé-ìwé ń lò ni ó sì yẹ kí ó wà lórí rẹ̀, tí o ti fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ wọlé sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni kí ó wà, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, torí pé gáàsì apànìyàn tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn.

Lẹ́yìn iná, dátà ló kàn. Kíláàsì onífídíò lè jẹ gígábáìtì kan ní wákàtí kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá pa kámẹ́rà tí o kò sì wo àwòrán, ohùn nìkan kì í sábà tó 100 mẹ́gábáìtì. Ẹni tó bá ní wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, kí òbí rẹ̀ fi gígábáìtì 15 lọ́sẹ̀ sọ́kàn, kí ó sì fi díẹ̀ lé e fún fídíò àti ìwé tí yóò wà jáde. Dátà òru kì í wọ́n tó ti ọ̀sán. Bí ẹnìkan nínú ilé bá máa ń jí ní ìdájí fún àdúrà tàbí fún sààrì, òun ni kí ẹ bẹ̀ pé kí ó bá ọ tẹ fídíò tí ilé-ìwé gbé síta, kí ó wọlé sórí fóònù nígbà tí ìwọ bá ń sùn. Ìwọ fúnra rẹ kò gbọ́dọ̀ máa jí torí dátà. Ní síìmù ilé-iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra, nítorí pé ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, èkejì lè máa mí.

Kí o tó dùbúlẹ̀, kọ ohun mẹ́ta tí o gbọ́dọ̀ parí lọ́la sí ojú ewé kan nínú ìwé rẹ. Kọ wọ́n ní pàtó. “Màá ka Kẹ́mísírì” kò tọ́ka sí ohunkóhun, ṣùgbọ́n “màá dáhùn ìbéèrè kìíní sí ìkẹfà lórí ásíìdì àti béèsì” ti sọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wàá ti dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀, kí o sì sùn. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, ẹni tó bá sì fẹ́ jí ní aago mẹ́fà kò yẹ kí ó kọjá aago mẹ́wàá kí ó tó sùn.

Àárọ̀, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀

Jí ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Gbádùúrà, gbálẹ̀, pọnmi bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tìrẹ, wẹ̀, kí o sì wọ aṣọ tó mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ kò lè rí ju ọrùn rẹ lọ, síbẹ̀ ẹni tó bá jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn, oorun kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Àwọn baba wa tí wọ́n ń jẹ ọkà láàárọ̀, oko ni wọ́n ń gbà lọ. Fún ìwọ tí o máa jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́ta, oúnjẹ tó fúyẹ́ ló bá ọ mu, irú bíi ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin, kí ọkà sì dúró de ọ̀sán. Fi omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ.

Ibi tí o máa jókòó ṣe pàtàkì. Má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wá tábìlì àti àga, kódà bí ó jẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń jẹun, kí o sì gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bọ̀ láti iwájú tàbí láti ẹ̀gbẹ́ rẹ. Páànù orí ilé máa ń dí nẹ́tíwọọ̀kì lọ́wọ́, nítorí náà rìn yí ilé ká ní ọjọ́ kan pẹ̀lú fóònù, kí o mọ yàrá tí nẹ́tíwọọ̀kì ti lágbára jù. Ní àwọn ilé kan, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ní àkókò ọyẹ́, fi aṣọ bo ẹ̀rọ nígbà tí o kò bá lò ó, nítorí eruku. Nígbà tí ó bá fi máa di aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, kí o ti wà ní ìjókòó, kí ìwé àti báírò wà níwájú rẹ, kí o sì ti dán máìkì àti íyàpíìsì wò.

Nígbà tí kíláàsì bá ń lọ

Lo orúkọ rẹ gan-an, pẹ̀lú orúkọ bàbá, kì í ṣe ìnagijẹ tí àwọn ọ̀rẹ́ ń pè ọ́. Kí olùkọ́ bí o bá ṣe wọlé, “Ẹ káàárọ̀ mà” tàbí “Ẹ káàárọ̀ sà”, kí o sì pa máìkì rẹ kí ariwo àkùkọ àti ti ọlọ́kadà má bàa gba kíláàsì. Bí dátà kò bá tó, sọ fún olùkọ́ ṣáájú pé o máa tan kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó lè rí ọ, lẹ́yìn náà o máa pa á. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò gbà bí o bá sọ ọ́ ṣáájú. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí ọmọ dákẹ́ lẹ́yìn àwòrán dúdú láìsọ nǹkan kan.

Fi ọwọ́ kọ nóòtì rẹ. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lè lo odidi sáà láìdi báírò mú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ni ó ti máa kọ àròkọ àti iṣẹ́ Ìṣirò lọ́jọ́ ìdánwò. Ọwọ́ tí kò bá kọ̀wé déédéé yóò rẹ̀ kí wákàtí kejì tó pé. Má ṣe kọ gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, torí pé fídíò kíláàsì sábà máa ń wà nípamọ́. Ìbéèrè tí olùkọ́ béèrè, ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀, àti ibi tí kò yé ọ ni kí o kọ.

Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá já, tẹ̀lé ìgbésẹ̀ kan náà nígbà gbogbo kí ọkàn rẹ má bàa dàrú. Kọ́kọ́ pa kámẹ́rà. Bí kò bá yanjú, yí sí síìmù kejì. Bí kò bá tíì yanjú, fi fóònù wọlé dípò láàpútọ́ọ̀pù. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí àkókò tí o jáde lè wà ní àkọsílẹ̀, kí o sì ṣí ìwé rẹ sí orí ẹ̀kọ́ náà. Má fi wákàtí tó ṣẹ́kù jẹun. Mọ̀ pẹ̀lú pé bí olùkọ́ rẹ bá ń lo Zoom ọ̀fẹ́, ìpàdé yóò parí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, ti Google Meet ọ̀fẹ́ sì ń parí lẹ́yìn 60 ìṣẹ́jú bí ẹ bá ti pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nẹ́tíwọọ̀kì rẹ kọ́ ló bàjẹ́, béèrè bí ẹ ó ṣe padà wọlé.

Láàárín kíláàsì kan sí èkejì, dìde. Ní gbogbo 20 ìṣẹ́jú tí o bá fi wo ẹ̀rọ, gbé ojú kúrò, kí o fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, irú bíi igi tàbí òrùlé ilé kejì.

Wákàtí tí kò sí olùkọ́

Kíláàsì ti parí ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, oòrùn ti mú, ilé ti dákẹ́. Wákàtí yìí ló léwu jù, nítorí pé ọmọ á rò pé òun ti ṣe ilé-ìwé tán. Sinmi títí di aago méjìlá, lẹ́yìn náà padà sídìí tábìlì. Pín iṣẹ́ rẹ sí ìpele méjì, ti aago méjìlá sí aago kan ààbọ̀, àti ti aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin, kí oúnjẹ ọ̀sán àti ìrun Àìlà bọ́ sí àárín wọn. Ọmọ Mùsùlùmí tó ní kíláàsì ní àkókò Jímọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún olùkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ó sì wo fídíò ẹ̀kọ́ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tó le jù fún ọ, nítorí pé agbára kù díẹ̀ ní ìpele kejì. Kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́ àṣetiléwá, pa nóòtì dé, kí o sì tún àpẹẹrẹ tí olùkọ́ ṣe láàárọ̀ ṣe láìwò ó. Ṣebí olùkọ́ yanjú 2x² + 5x − 3 = 0 lójú yín, gbogbo rẹ̀ sì yé ọ bó ṣe ń ṣe é. Kọ ìbéèrè yẹn sórí ìwé òfìfo, kí o wò ó bóyá ìwọ náà yóò dé (2x − 1)(x + 3) = 0, tí ìdáhùn yóò sì jẹ́ ½ àti −3. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí olùkọ́ ti pín 5x sí 6x àti −x ni ọwọ́ rẹ yóò ti dúró. Ibẹ̀ gan-an ni ohun tí kò yé ọ wà, o kì bá tí mọ̀ bí o bá kàn tún fídíò wò. Fídíò máa ń jẹ́ kí ó dà bíi pé a mọ̀, àfi bí ọwọ́ bá dán an wò.

Ṣe iṣẹ́ fún 40 ìṣẹ́jú, kí o sinmi fún mẹ́wàá, kí fóònù sì wà ní yàrá mìíràn bí kì í bá ṣe òun ni o fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí òun ni o fi ń kẹ́kọ̀ọ́, pa ìró WhatsApp àti ti TikTok. Ìbéèrè tó bá dá ọ dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kọ ọ́ sí ewé ìkẹyìn ìwé rẹ pẹ̀lú ibi tí o bá a dé, kí o sì kọjá sí èyí tó tẹ̀lé e. Àkọsílẹ̀ yẹn ni wàá gbé lọ bá olùkọ́ ní ọjọ́ kejì. Olùkọ́ tí ọmọ bá kọ̀wé sí pé “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo dé ìlà kẹta, n kò mọ ìdí tí àmì fi yí padà” yóò lè ràn án lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú méjì. Èyí tó bá kọ “kò yé mi” kò fún un ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bíi ChatGPT, mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Bí o bá sọ fún un pé kí ó bá ọ kọ àròkọ, àròkọ náà yóò wọlé, máàkì yóò sì wá, ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn ìdánwò ìwọ nìkan ni o máa wà pẹ̀lú báírò. Kọ ti ara rẹ tán, kí o wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí gírámà rẹ ti ṣẹ̀, tàbí kí ó ṣàlàyé ohun kan lọ́nà mìíràn. Fi ìwé kíláàsì yẹ ohun tó bá sọ wò, nítorí pé ó máa ń ṣàṣìṣe pẹ̀lú ìdánilójú. Khan Academy, ibi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dára fún Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nítorí pé ó máa ń fún ọ ní ìbéèrè tí ìwọ fúnra rẹ yóò dáhùn.

Fi bíi ìdajì wákàtí lójúmọ́ sí ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Ti JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ní 180 ìbéèrè fún wákàtí méjì, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì àti 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó kù, nítorí náà ìbéèrè kan kò ní ju 40 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti ní àǹfààní níbẹ̀ bí ó bá ń fi aago ṣe àdánwò.

Iṣẹ́ tí o fọwọ́ kọ, yà á ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ojúmọmọ, kí ìwé náà tẹ́jú, kí fóònù sì wà ní òkè rẹ̀ gan-an kí òjìji rẹ má bàa bò ó. Fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tó bá dúró de ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Karùn-ún, òjò àti iná lè jùmọ̀ gba ìṣẹ́jú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti fi í ránṣẹ́, ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ tó fi hàn pé ó wọlé.

Ilé, ìsọ̀ àti àlejò

Ìṣòro tó pọ̀ jù fún ọmọ yìí, nínú ilé ló ti ń wá, kò sì sí ẹni tó ní ìkà lọ́kàn níbẹ̀. Ọmọ wà nílé, ó jókòó, kò ru nǹkan kan. Lójú ìyá tó ní ìsọ̀ ní Ọjà Jagun tàbí ní Sábó, ọmọ yẹn ráàyè. A ó ní kí ó sáré ra mágí wá, kí ó bá wa bojú tó ọjà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó bá ìyá àgbà wá oògùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ lọ́sẹ̀, ó lè jẹ́ odidi ọjọ́ ẹ̀kọ́ kan ló ti lọ. Ẹ̀yin òbí mi, owó ilé-ìwé ni ẹ san. Ọmọ tí ẹ bá rán lọ sí ilé-ìwé ìjọba, ẹ kò ní lọ pè é jáde láti kíláàsì kí ó wá ta tòmátò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún èyí tó wà nílé ní ọ̀wọ̀ kan náà.

Kí ìdílé jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí tí ọmọ wà ní “ilé-ìwé”, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ìwọ ọmọ, iṣẹ́ ilé tìrẹ kò parẹ́. Yan àkókò fún un láàárọ̀ àti lẹ́yìn aago mẹ́rin, kí o sì máa ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n tún pè ọ́. Ọmọ tó bá ń fọ abọ́ láìṣe é ní ìrojú, ilé á bá a pa ẹnu mọ́ nígbà tó bá sọ pé òun wà ní kíláàsì.

Ti àlejò gba ọgbọ́n. Àgbàlagbà kò lè wọlé kí ọmọ máa wo ẹ̀rọ láìkí i. Bí ẹnìkan bá wọlé nígbà tí kíláàsì ń lọ, pa máìkì, dìde, dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, kí i ní kúkúrú, kí o sì sọ pé “Ẹ má bínú mà, mo wà ní kíláàsì lọ́wọ́”, kí o tó padà jókòó. Ó sàn kí àgbàlagbà ilé ti bá ọ ṣàlàyé. Àwọn ará àdúgbò yóò béèrè ìdí tí ọmọ yìí kò fi lọ sí ilé-ìwé. Òbí ni kí ó dáhùn pé ó ń lọ, àti pé wákàtí báyìí ni ó ń jáde. Láti ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa irú ẹ̀kọ́ yìí, àlàyé náà kò sì le mọ́.

Sátidé àti lábù

Íntánẹ́ẹ̀tì kò lè di bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn nǹkan olómi nínú lábù, mú fún ọ. Bí o bá máa ṣe ìdánwò gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé, òbí rẹ gbọ́dọ̀ bá ilé-ìwé girama tó ní lábù tó péye tàbí ibùdó lẹ́sìnnì tó dára sọ̀rọ̀, kí o lè máa lọ ní àárọ̀ Sátidé láti fi pìpẹ́ẹ̀tì wọn nǹkan olómi, ka bùrẹ́ẹ̀tì ní ìpele ojú rẹ, kí o sì mọ ìgbà tí àwọ̀ yí padà tí o gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì yunifásítì LAUTECH, tó ti wà nílùú láti ọdún 1990, kún fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lè kọ́ ọmọ girama. Ẹ wá èyí tí ìwà rẹ̀ dára, kí òbí sì wà nítòsí. Bí aládàáni ni o máa ṣe, ìwọ náà nílò lábù díẹ̀, torí pé ó ṣòro láti dáhùn ìbéèrè nípa ohun tí o kò rí rí.

Lábù tún ń mú ọ pàdé ẹgbẹ́ rẹ. Ọmọ tó ń kàwé nílé nìkan máa ń dá wà, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó sọ ọ́. Kí ó máa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, kí ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tàbí ilé-kéwú, kí ó ní ojú tó ń rí ju ojú ẹ̀rọ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀

Lẹ́yìn aago mẹ́rin, pa ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ilé, eré, oúnjẹ alẹ́ àti ìdílé ló kàn. Bí iṣẹ́ bá kù, ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tó fún un. Bí ó bá ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, wákàtí ọ̀sán rẹ ni kí o lọ yẹ̀ wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, kí òbí jókòó ti ọmọ fún ìdajì wákàtí níwájú ojú ewé tí máàkì wà. Òbí tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò lè ṣe èyí pẹ̀lú: ní kí ọmọ fi iṣẹ́ tó ti fi ránṣẹ́ hàn ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó ka ohun tí olùkọ́ kọ sí abẹ́ rẹ̀ sí ọ létí, kí ó sì ṣí ìwé nóòtì rẹ̀ kí o rí ọjọ́ tó wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí ìwé kíkọ, ẹ̀kọ́ ti dẹnu kọlẹ̀, ohunkóhun tí ẹ̀rọ ìbáà sọ. Bí iṣẹ́ méjì bá ti pẹ́ jù láti fi ránṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ jọ kọ̀wé sí olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà kí ọjọ́ Ajé tó dé, kí ẹ sọ ohun tó fà á, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tuntun tí ó lè gbà á.